Ẹ̀ẹ̀kan ni owó ń wọlé, ojoojúmọ́ ni ẹnu ń jẹ: ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìkòròdú lórí ìṣọ́wóná

Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ni mo ní ní Odogunyan, kò jìnnà sí Lagos State University of Science and Technology. Ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, èlùbọ́, òróró àti ẹja gbígbẹ ni mò ń tà. Kí n tó di ọlọ́jà, èmi náà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Lagos State Polytechnic. Ọdún 2022 ni ìjọba Èkó sọ ọ́ di yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ra nǹkan lọ́wọ́ mi ló ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Òmíràn máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù bi mí, òmíràn á pè mí lóru. Mo kó wọn jọ, torí ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ní gbogbo sáà.

Àǹtí, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé kò tó nǹkan. Ṣé ẹni tí kò ní tó lè ṣọ́ owó ná?

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Owó wà tó kéré débi pé kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè dá sí i. Bí tìẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ owó ìjọba nísàlẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ lọ kà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ń rí ní ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ tó wá ra òróró gálọ́ọ̀nù, Indomie odidi páálí àti mílíìkì ńlá lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù, òun náà ló máa ń wá lọ́sẹ̀ kẹta, tí yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn títí àwọn oníbàárà yòókù á fi lọ, kó tó wá rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní gàrí agolo méjì, màá san án tí wọ́n bá ti fi owó ránṣẹ́." Mo máa ń fún un. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé owó tó ná lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní yẹn ì bá gbé e dé òpin oṣù.

Ẹ̀ẹ̀kan ni owó akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, ojoojúmọ́ ni ẹnu ń jẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Owó tó bá wà lórí fóònù kò ní orúkọ. Ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ pè é ló ń jẹ́ fún. Tó o bá ti sọ ọ́ di ìrẹsì, ẹ̀wà àti gáàsì, ó ti ní orúkọ, kò tún lè jẹ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá bá mi pé: ọjọ́ mẹ́ta tí owó kọ́kọ́ wọlé, kí lo fi ṣe?

Kí ni kí n kọ́kọ́ rà lọ́jọ́ tí àlẹ́ẹ̀tì bá wọlé?

Oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́. Ẹni tó ń dáná fúnra rẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, bó bá ra kóńgò ìrẹsì mẹ́ta, kóńgò ẹ̀wà méjì, rọ́bà gàrí kan, èlùbọ́ díẹ̀, ìgò òróró kan, ìgò epo pupa kan, iyọ̀, ata gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ, ó ti ń sún mọ́ òpin oṣù nìyẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ, gáàsì. Lẹ́yìn gáàsì, owó ọkọ̀ oṣù náà, kó o yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ọṣẹ àti ohun tí obìnrin ń lò lóṣooṣù wà nínú rẹ̀, ẹ má tijú kọ ọ́ sínú ìwé. Mo rí àwọn ọmọbìnrin tó máa ń gbàgbé rẹ̀ nínú ìṣirò, tí wọ́n á wá máa yáwó rà á.

Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni owó ìnáwó. Pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Ṣé ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín kí n rà á ní agolo àti kí n rà á ní kóńgò? Owó kóńgò kì í pé lọ́wọ́ mi.

Ó pọ̀, ẹnu èmi tí mò ń tà á ni kó o ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìṣirò owó bá mi jiyàn pé ọ̀kan náà ni. Mo gbé kóńgò ìrẹsì kan kalẹ̀, mo fún un ní agolo mílíìkì, mo ní kó máa bù ú sínú ọ̀rá kó máa kà á. Ó kà á dé mẹ́jọ, ìrẹsì díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ kóńgò. Ó dákẹ́. Ká ní kóńgò jẹ́ ₦2,400, kí agolo jẹ́ ₦350: agolo mẹ́jọ ti di ₦2,800. ₦400 ti lọ lórí kóńgò kan, láìka èyí tó kù nísàlẹ̀. Ẹni tó ń jẹ kóńgò mẹ́ta lóṣù ti fi ₦1,200 sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà, ìrẹsì nìkan la sì ń sọ, a ò tíì kan gàrí àti ẹ̀wà.

Àwa ọlọ́jà ò jalè. Ọ̀rá tí a fi ń dì í, àkókò tí a fi ń wọ̀n ọ́n, owó wa tó há sára ọjà, gbogbo rẹ̀ wà nínú agolo yẹn. Kò sì sẹ́ni tó ń bu ènì sí agolo kan. Ẹni tó ra kóńgò ló ń gba ènì. Bó ṣe wá rí ni pé ẹni tówó rẹ̀ kéré jù ló ń ra ọjà wọ́n jù, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ká mi lára gan-an.

Tí owó ò bá pé, ẹ dá a jọ. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń gbé ilé kan náà lẹ́yìn ọ̀nà Ṣàgámù. Ìdajì àpò ìrẹsì ni wọ́n jọ ń rà. Wọ́n á wá sí ṣọ́ọ̀bù, n óò wọ̀n ọ́n lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníkálùkù á di tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń fura sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe é kó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń bá gbogbo yín tọ́jú ìrẹsì sí yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ gàrí: ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ kó o tó rà á. Tó bá tutù, tó ń lẹ̀ mọ́ra, omi lo fẹ́ fowó rà, yóò sì bu kí oṣù tó parí.

Ṣé ó yẹ kí n máa lọ sí ọjà Mile 12?

Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló fẹ́ ra tòmátì ₦2,000, má lọ. Owó ọkọ̀ ti jẹ èrè rẹ̀. Ọjà Sábó tó wà nínú Ìkòròdú tó ọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tó mẹ́rin, ẹ rán ẹnì kan, kí ẹ̀yin yòókù san owó ọkọ̀ rẹ̀. Kí ẹni náà tètè jí. Òru ni àwọn ọkọ̀ òkè Ọya ti ń já ọjà sílẹ̀, àárọ̀ sì ni ojú ọjà ń mọ́ jù.

Láti bíi oṣù Kejìlá wọ oṣù Kẹta, tòmátì máa ń pọ̀, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń kórè èyí tí wọ́n fi omi odò gbìn lókè Ọya. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó máa ń wọ́n gógó. Ẹni tó bá mọ èyí á sè é pamọ́ nígbà tó pọ̀, á sì máa fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà ti ọbẹ̀ lẹ́yìn nígbà tó wọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ ra agbọ̀n kan, ẹ ní kí wọ́n da díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ rí ìsàlẹ̀. Èyí tó pupa tó sì le ni wọ́n ń tò sókè. Àwọn kan á fi ẹ̀ṣà lọ̀ yín, èyí tó ti rọ̀ tí wọ́n ṣà sọ́tọ̀. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́. Tí ẹ bá máa sè é lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ pé ó kàn rọ̀ ni, kò burú. Èyí tó bá ti hu irun funfun tàbí tó ti ń rùn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, owó oògùn ju owó tòmátì lọ.

A ò ní fíríìjì, iná ò sì dúró. Báwo la ṣe máa tọ́jú ata tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Omi tó wà nínú tòmátì ló ń jẹ́ kó bàjẹ́, òun náà ló sì ń jẹ gáàsì. Lọ̀ ọ́, dà á sínú ìkòkò, gbé e kaná láì bu òróró kankan sí i. Ṣí ìkòkò sílẹ̀ díẹ̀ kí ooru rí ibi gbà jáde. Yóò kọ́kọ́ hó bí omi lásán, yóò wá máa dì díẹ̀díẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sókè bí ẹ̀kọ tó fẹ́ jinná. Tó o bá fi ṣíbí là á láàárín tí omi kò sáré padà bo ojú ọ̀nà tó o là, ó ti gbẹ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni kó o wá bu òróró, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, kó o dín in títí òróró yóò fi léfòó. Ata tó kún ìkòkò ńlá lè wálẹ̀ sí ìdajì, ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Omi ló lọ.

Gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kó hó dáadáa, má sì fi ṣíbí tó lómi bù ú. Èmi ti fi jẹ ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú yàrá tí kò ní fíríìjì.

Mi ò ráyè dáná. Ṣé kí n kúkú máa jẹun ní búkà?

Jẹun ní búkà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò bá pọ̀. Má fi ṣe ti ojoojúmọ́. Se ẹ̀wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, se ìrẹsì lọ́jọ́ Ọjọ́rú, o ti ráyè nìyẹn. Rẹ ẹ̀wà sómi lálẹ́ kó o tó sè é, gáàsì díẹ̀ ni yóò gbà.

Ilé ń kọ́? Owó ilé ló ń pa wá jù.

Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni a ti máa ń fi ìkánjú ṣìnà. Nígbà tí mo fẹ́ gba yàrá àkọ́kọ́, aṣojú onílé kan gba owó fọ́ọ̀mù àti owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ mi, ó mú mi lọ wo yàrá kan tó mọ́ tónítóní, ó ní kí n padà wá lọ́la. Ẹlòmíràn ti san owó yàrá yẹn láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. N kò rí owó mi gbà. Láti ìgbà náà, n kì í san kọ́bọ̀ kí n tó bá ẹni tó ń gbé inú ilé náà sọ̀rọ̀. Wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, kí àwọn obìnrin tó ń fọṣọ, béèrè omi, béèrè iná, béèrè bóyá òjò máa ń wọlé. Wọ́n á sọ ọ́ fún ọ ju bí aṣojú onílé ṣe máa sọ ọ́ lọ.

Kí o sì mọ òfin. Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ àwọn àdúgbò bí Ìkòyí, Apapa, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ìkòròdú wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún fi dandan lé e pé kí onílé fún ọ ní rìsíìtì. Ilé tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí kò sí lábẹ́ òfin yìí. Fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ fún onílé. Ẹni tó bá mọ̀ pé o mọ òfin á fara balẹ̀ bá ọ sọ̀rọ̀.

Ẹ sì ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ owó ilé. Ká ní ilé tó jìnnà dín ní ₦60,000 lọ́dún sí èyí tó sún mọ́ géètì, tí kẹ̀kẹ́ sì jẹ́ ₦300 àlọ, ₦300 àbọ̀. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦3,000. Ọ̀sẹ̀ 15 jẹ́ ₦45,000. Sáà méjì jẹ́ ₦90,000. Ilé tó jìnnà ló wọ́n. Ẹni tó bá jọ gba yàrá pẹ̀lú ẹnì kejì nítòsí géètì á jèrè lọ́nà méjì, bó bá jẹ́ ẹni tó mọ ìwà rẹ̀ dáadáa ló bá gbé.

Láti Kétu ni mo ti ń wá sí ilé ẹ̀kọ́. Kí ni mo lè ṣe sí owó ọkọ̀?

Láti ọdún 2015 ni ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT ti dé Ìkòròdú láti Mile 12. Káàdì Cowry lo máa fi san án. Tó o bá fi owó ọ̀sẹ̀ kan sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ọkàn rẹ á balẹ̀. Dánfò lè yára ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n tí òjò bá ṣú, owó rẹ̀ ń gòkè lójú rẹ báyìí. Béèrè bóyá ẹ lè kó àwọn kíláàsì yín sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní ẹ̀ka mìíràn, olórí kíláàsì ló ń bá olùkọ́ sọ ọ́, ó sì máa ń bọ́ sí i.

Mo máa ń gbowó lọ́dọ̀ oní-POS. Ṣé ìyẹn náà ń jẹ owó?

Ká ní ₦100 ni wọ́n ń gbà lórí ₦3,000 tó o gbà, o sì ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 15, ₦3,000 ti lọ. O ti san owó láti fi gba owó ara rẹ.

ATM ilé ìfowópamọ́ tìrẹ kì í gba nǹkan. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 2025, báǹkì àpapọ̀ ti ní kí ATM báǹkì mìíràn máa gba ₦100 lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀rọ náà bá wà nínú ọgbà báǹkì. Bó bá wà níta, bíi nínú ọjà ńlá tàbí ilé epo, wọ́n tún lè fi tó ₦500 lé e. Bó o bá gba ₦5,000 péré, ₦100 náà ni. Nítorí náà, tó o bá máa lo ATM báǹkì mìíràn, gba ₦20,000 lẹ́ẹ̀kan dípò ₦5,000 lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ti trànsífà, ₦10 ni òfin gbà pé kí báǹkì gbà lórí ₦5,000 sísàlẹ̀, ₦25 lórí èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀ títí dé ₦50,000, ₦50 lórí èyí tó ju ìyẹn lọ. Àwọn áàpù kan kì í gbà á rárá.

Níbo ni kí n fi owó pamọ́ sí? Kóló, alájọ, àbí fóònù?

Kóló dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Fún oṣù kan sí méjì ni, má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí olè àti ekúté. Kó o sì má sọ fún gbogbo ilé pé o ní in.

Alájọ ni ìyá mi fi tọ́ wa dàgbà, n kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. O ń dá iye kan náà lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì rẹ, ní òpin oṣù ó kó owó fún ọ, owó ọjọ́ kan ni yóò mú fún iṣẹ́ rẹ̀. Tó o bá ń dá ₦300 fún ọjọ́ 30, ₦8,700 lo máa gbà. Owó yẹn tọ́ sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fi rìn ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì mi, alájọ kan tó ń gba owó ní àdúgbò wa kó owó oṣù mẹ́ta lọ. Owó ìdánwò mi wà níbẹ̀. Mo ti fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ torí mo rò pé tí n kò bá gbà á ní òpin oṣù, yóò pọ̀ sí i. Mo ṣì rántí káàdì náà, aláwọ̀ òféfèé, àmì mi kún un. Àwọn obìnrin ọlọ́ja tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n látilẹ̀ kò pàdánù tó wa, torí òpin oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba tiwọn. Ìmọ̀ràn mi nìyẹn: dá a lọ́dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó o mọ ilé rẹ̀, kó o sì gba owó rẹ lóṣooṣù.

Tó bá jẹ́ áàpù, wò ó bóyá ó wà lábẹ́ NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báǹkì. Láti ọdún 2024, bí báǹkì bá kógbá sílé, NDIC á san tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún oníbàárà kan. Ní báǹkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance, mílíọ̀nù méjì. Owó akẹ́kọ̀ọ́ wà láàárín ìyẹn dáadáa. Lo ibi tí wọ́n ti lè ti owó mọ́ ọ títí dé ọjọ́ tó o yàn. Ẹni tó ń kánjú ná owó ni ìlẹ̀kùn títì wúlò fún.

Èsúsú láàárín ọ̀rẹ́ dára, ẹ má ju márùn-ún lọ, ẹ sì mọ ilé òbí ara yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí owó ilé rẹ̀ sún mọ́ jù kọ́kọ́ gbà.

Ọ̀rẹ́ mi ní ibì kan wà tí wọ́n ń sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣé kí n fi díẹ̀ sí i?

Rárá o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, MMM, ọ̀kan nínú irú rẹ̀, ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn nígbà tí Kérésì ń bọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san owó ẹni tó ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tuntun bá dín, ó parí. Òfin ìdókòwò tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 ti sọ irú rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú, ẹni tó sì ń kó ọ̀rẹ́ wọ inú rẹ̀ ń fi orúkọ ara rẹ̀ wewu. Bó o bá fẹ́ kí owó rẹ pọ̀, fi ra gàrí nígbà tó pọ̀.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ńkọ́? Mo mọ ọmọkùnrin kan tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ₦45,000. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi ń wá ₦45,000 mìíràn. Inú mi kì í dùn láti sọ iye tó bá a lọ, torí owó ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀.

Mo ti yáwó lórí áàpù, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ mi pé wọ́n á ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù mi.

Kọ́kọ́ sọ fún àgbàlagbà kan tó o fọkàn tán, lónìí. Ìtìjú ni wọ́n fi ń mú èèyàn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu rẹ kò ní agbára mọ́. Má yáwó lórí áàpù mìíràn láti fi san èyí. FCCPC ni àjọ tó ń rí sí àwọn ayánilówó orí fóònù, wọ́n sì ní orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ya àwòrán gbogbo ìhàlẹ̀ náà, kó o fi ẹjọ́ sùn wọ́n. Lẹ́yìn náà, san ojú owó tó o yá díẹ̀díẹ̀, kó o tọ́jú ẹ̀rí sísan.

Owó ìjọba tí wọ́n ń pè ní NELFUND, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ni. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Kò ní èlé, wọn kì í sì béèrè onídùúró. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún tààrà, ₦20,000 lóṣù ni owó ìtọ́jú tí wọ́n ń san sí àpò akẹ́kọ̀ọ́. NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà ìwọlé rẹ ni wọ́n máa béèrè. Orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ ti wà nínú èyí tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ sí wọn. Bí fọ́ọ̀mù bá kọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó o lọ, má jókòó sílé. Wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ sára NIN àti sára ìwé JAMB, kí méjèèjì bára mu.

Gbèsè ni o. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC, tó o bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ. Kọ gbogbo iye tó o bá gbà sínú ìwé kan. Síbẹ̀, gbèsè tí kò ní èlé sàn ju kó o fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ. Tó o bá jẹ́ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ Èkó, lọ gba ìwé ìbílẹ̀ rẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ kó o tọ́jú rẹ̀, torí ìpínlẹ̀ náà ní owó ìrànwọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Dátà ń kọ́?

Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, dátà ti di oúnjẹ kejì. Ra ti oṣù, má máa ra ti ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ agolo àti kóńgò náà ni. Pa fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ká ra aṣọ ẹbí fún ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wa. Bí n kò bá rà á, wọ́n á ní ahun ni mí.

Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Lọ síbi ọjọ́ ìbí náà, wọ aṣọ tó o ní, dé kí àwọn èèyàn tó dé, bá a gbé àga, bá a fọ abọ́. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ á rántí ìyẹn. Sọ fún un ṣáájú pé owó aṣọ kò sí, má dákẹ́ títí di ọjọ́ náà.

Àwọn ará ilé mi ló ń béèrè owó lọ́wọ́ mi.

Àbúrò mi, mo mọ̀ ọ́n lára. Fi ohun tó o lè fi sílẹ̀ láìpadà yáwó ránṣẹ́, kó o sì sọ fún ìyá rẹ bí nǹkan ṣe rí gan-an. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọmọ tó wà ní yunifásítì rọ̀ṣọ̀mù. Wọn kò mọ̀ pé gàrí lo mu sùn.

Ṣé kí n máa ṣiṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́?

Bó bá jẹ́ èyí tó o lè dá dúró lọ́sẹ̀ ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni. Irun dídì, ẹ̀kọ́ ilé fún àwọn ọmọ kéékèèké, aṣọ fífọ̀. Ọmọ kan máa ń lọ sí Báyẹ̀kú ní àárọ̀ Sátidé, á ra ẹja tútù létí omi, á yan án, á máa tà á ní hóstẹ̀l. Ó mọ iye tó ń jẹ lórí kìlógíráàmù kan. Iṣẹ́ tó bá ń gbé ọ kúrò ní kíláàsì, tó o bá tún ẹ̀kọ́ kan kà nítorí rẹ̀, owó ọdún kan ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ.

Owó ti tán pátápátá, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò parí.

Ṣí gbogbo ohun tó wà nínú yàrá. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ọdún tí alájọ kó owó wa lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: gàrí tó tó kóńgò kan, ẹ̀wà díẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀rá, ìgò epo tí kò kún ìdajì, iyọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo kan ìlẹ̀kùn ọmọbìnrin tó wà ní yàrá kejì, tí a kì í sábà bára wa sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹ̀wà, n kò ní gáàsì." Ó wò mí, ó ní òun ní gáàsì, òun kò ní nǹkan kan tí òun lè gbé kaná láti àná. Ẹnì kẹta tó gbọ́ wa láti kọ́ríidọ̀ ní òun ní ẹja gbígbẹ méjì àti àlùbọ́sà.

A gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, èyí tó tóbi jù. Títí ìdánwò fi parí, aago méje alẹ́ ni a jọ ń jẹun, a ń bi ara wa ní ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá lórí oúnjẹ. Bó bá jẹ́ ìwọ ló kàn báyìí, kan ìlẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lálẹ́ òní. Tí kò bá sí ẹni tó dáhùn, ṣọ́ọ̀bù mi máa ń ṣí títí di aago mẹ́sàn-án.